Ohùn Pẹ̀lẹ́ ní Ọdún Ariwo: Ìtàn Àwo Orin "Kind of Blue"

 Àkókò tí ètò yìí máa ń bá yín nílé ni àkókò tí oúnjẹ alẹ́ ti wọlẹ̀, tí àwọn ọmọdé ti ń tòògbé, tí bàálé àti ìyáálé sì ti fẹ̀yìn ti àga kí ara wọn lè rọlẹ̀. Irú àkókò bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn káàkiri ayé máa ń gbé àwo orin kan sórí ẹ̀rọ, àwo tí kì í pariwo, tí kì í kánjú, tí kì í sì í bá ẹnikẹ́ni jà. Orúkọ àwo náà ni "Kind of Blue". Orin jáàsì ni. Miles Davis, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú tí ó ń fọn fèrè trumpet, ni ó ṣe é pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú New York ní ọdún 1959. Kò sí ẹni tí ó fi ẹnu kọ orin kankan nínú rẹ̀. Fèrè, dùùrù, ìlù àti gòjé ńlá ni ó ń sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó wà níbẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn dúdú ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọ̀ búlúù ni wọ́n fi ń pe ìbànújẹ́, nítorí náà orúkọ àwo yìí gan-an ti fi hàn wá pé ìtura inú rẹ̀ ní ohun kan lẹ́yìn.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohùn pẹ̀lẹ́ ni í yọ obì lápò, ohùn líle ni í yọ ọfà lápó. Ìtàn tí a ó gbé yẹ̀wò lálẹ́ yìí yóò dán òwe náà wò. Ọjọ́ 8 péré lẹ́yìn tí àwo olóhùn pẹ̀lẹ́ yìí jáde sí ọjà, ọfà ni ó yọ sí ẹni tí ó ṣe é. Ìbéèrè tí ó wà níwájú wa ni èyí: níbo ni ìfarabalẹ̀ inú àwo yìí ti wá? Ṣé ayé ìrọ̀rùn ni ó bí i, àbí nǹkan mìíràn ni?

Kí a tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ẹni tí à ń wí. Wọ́n bí Miles Davis ní ọjọ́ 26 oṣù karùn-ún ọdún 1926 ní ìlú Alton, ní ìpínlẹ̀ Illinois. East St. Louis, tí kò jìnnà síbẹ̀, ni ó gbé dàgbà. Oníṣègùn eyín ni bàbá rẹ̀, ebi kò sì pa wọ́n nílé. Ṣùgbọ́n owó bàbá kò lè ra ọ̀wọ̀ fún ọmọ aláwọ̀ dúdú ní ojú pópó Amẹ́ríkà ìgbà náà. Ní ọdún 1944 ó gba New York lọ láti kọ́ ẹ̀kọ́ orin ní ilé-ẹ̀kọ́ Juilliard. Bí ó ti ń lọ sí kíláàsì lọ́sàn-án, bẹ́ẹ̀ ni ó ń wá Charlie Parker kiri àwọn ilé orin lóru, nítorí Parker ni ọ̀gá àwọn tí ń fọn fèrè saxophone nígbà náà. Kò pẹ́ púpọ̀ tí ó fi fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀, tí ó sì di ọmọ ẹgbẹ́ Parker.

Orin tí Parker àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe, bebop ni wọ́n ń pè é, orin eré sísá sì ni. Àkópọ̀ ohùn kan kò ní í tíì tán létí tí òmíràn yóò fi dé. Afọnfèrè a sì máa sáré tẹ̀ lé wọn bí ẹni tí ń fò láti orí òkúta kan dé orí òkúta mìíràn nínú odò. Ẹni tí ó bá dúró, omi ni yóò gbé e lọ. Davis kọ́ eré náà, ó sì lè sá a, ṣùgbọ́n kò lè fọn fèrè lọ sókè réré bí Dizzy Gillespie ti í fọn ọ́n. Ohun tí ì bá jẹ́ àléébù fún ẹlòmíràn ni ó sọ di ọ̀nà tirẹ̀. Bí àwọn yòókù ti ń wá ohun tí wọn yóò fi kún orin, òun ń wá ohun tí òun lè yọ kúrò nínú rẹ̀.

Ọ̀nà náà kò tẹ́jú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, egbògi olóró tí wọ́n ń pè ní heroin mú un lẹ́rú, bí ó ti mú ọ̀pọ̀lọpọ̀ olórin ìgbà náà. Ní nǹkan bí ọdún 1954 ni ó tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọdún 1955 ó ṣeré níbi àjọ̀dún jáàsì ti Newport, àwọn ènìyàn sì tún gba tirẹ̀, ilé-iṣẹ́ Columbia sì bá a ṣe àdéhùn. Ní nǹkan bí ọdún 1956, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní ọ̀fun, wọ́n sì kìlọ̀ fún un pé kí ó má ṣe gbé ohùn sókè títí tí ọgbẹ́ náà yóò fi jinná. Ó bá ẹnì kan ní gbólóhùn asọ̀, inú bí i, ó pariwo. Láti ọjọ́ náà ni ohùn rẹ̀ ti há, tí ó di ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, títí tí ó fi kú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sí ọkàn. Ẹni tí ayé ń yìn fún ohùn pẹ̀lẹ́, ariwo ni ó sọ ohùn ẹnu rẹ̀ di pẹ̀lẹ́.

Nísinsìnyí, kí ni Davis ṣe sí orin tí ó fi yàtọ̀? Ní ọdún 1953, olórin kan tí ó tún jẹ́ onímọ̀, George Russell, tẹ ìwé kan jáde tí ó fi ṣàlàyé pé olórin lè gbé orin rẹ̀ ka orí àkàbà ohùn, dípò kí ó máa sáré tẹ̀ lé àkópọ̀ ohùn tí ń yí padà ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú. Ohun tí mo pè ní àkàbà ohùn ni àwọn ohùn tí a tò láti ìsàlẹ̀ dé òkè, tí olórin lè máa gùn, kí ó sì máa sọ̀ kalẹ̀ bí ó ti wù ú. Bí àkàbà kan bá dúró pẹ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, kò sí ohun tí ń lé e. Ó lè fọn ohùn kan ṣoṣo, kí ó dákẹ́, kí ó gbọ́ bí ohùn náà ti ń kú lọ, kí ó tó fọn òmíràn. Davis dán ọ̀nà yìí wò nínú orin "Milestones" ní ọdún 1958, ó sì rí i pé àyè wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe inú ìwé nìkan ni ó ti rí i. Nínú ìwé ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1989, ó dárúkọ orísun méjì mìíràn. Èkíní ni ẹgbẹ́ oníjó ilẹ̀ Guinea, Les Ballets Africains, tí ó lọ wò. Ó gbọ́ ohun èlò kan lọ́wọ́ wọn tí a ń fi àtàǹpàkò ta, èyí tí ó bá agídìgbo tiwa tan, ohùn rẹ̀ kò sì kúrò létí rẹ̀ mọ́. Èkejì ni ìgbà èwe rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Arkansas níbi tí bàbá bàbá rẹ̀ ń gbé: bí wọ́n bá ń rìn nínú òkùnkùn ojú ọ̀nà oko lálẹ́, wọ́n a máa gbọ́ orin àwọn ènìyàn dúdú láti inú ṣọ́ọ̀ṣì. Ohùn méjèèjì yìí ni ó ní òun ń wá nígbà tí òun ń ṣe "Kind of Blue". Ó sì jẹ́wọ́ pé ọwọ́ òun kò tẹ̀ ẹ́ bí òun ti fẹ́. Ohun tí àwa kà sí ìpéye, àṣìta ni lójú ẹni tí ó ta ọfà rẹ̀.

Àwọn wo ni ó kó jọ? John Coltrane, ọmọ ìlú Hamlet ní North Carolina, fọn fèrè tenor saxophone. Òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ já ara rẹ̀ gbà lọ́wọ́ egbògi olóró ní ọdún 1957 ni. Cannonball Adderley, ọmọ ìpínlẹ̀ Florida, tí ó ti ṣe olùkọ́ orin ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kí ó tó wá sí New York, fọn alto saxophone. Paul Chambers, tí kò tíì pé ọmọ ọdún 24 nígbà tí iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀, ta bass, gòjé ńlá tí ó ga ju ènìyàn lọ. Jimmy Cobb, ọmọ Washington, lu ìlù. Wynton Kelly tẹ dùùrù nínú orin kan ṣoṣo, "Freddie Freeloader". Bill Evans tẹ ẹ́ nínú mẹ́rin tí ó kù. Nínú àwọn méjèèje, Evans nìkan ni aláwọ̀ funfun. Nígbà tí ó kọ́kọ́ wà nínú ẹgbẹ́ náà ní ọdún 1958, àwọn olùgbọ́ dúdú kan ń kùn pé kí ni aláwọ̀ funfun ń wá ní ìdí dùùrù Davis, nígbà tí àwọn ọmọ tiwọn kò ríṣẹ́. A kò lè dá wọn lẹ́bi pátápátá, nítorí ìlẹ̀kùn mélòó ni ó ṣí sílẹ̀ fún ènìyàn dúdú nígbà náà? Davis dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ pé ohùn tí òun fẹ́ ni òun ń wò, òun kò wo àwọ̀. Evans fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ kí ọdún 1958 tó parí, ṣùgbọ́n nígbà tí àkókò iṣẹ́ yìí tó, Davis ránṣẹ́ pè é padà.

Ilé tí wọ́n ti gba orin náà sílẹ̀ jẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì nígbà kan rí, ní òpópónà kẹtalélọ́gbọ̀n dín mẹ́ta, èyí tí í ṣe 30th Street, ní New York. Columbia ni ó sọ ọ́ di ilé ìgbohùnsílẹ̀. Òrùlé rẹ̀ ga, ohùn a sì máa rìn nínú rẹ̀ bí ó ti ń rìn nínú ilé ìsìn. Ìjókòó méjì péré ni wọ́n fi ṣe gbogbo iṣẹ́ náà: ọjọ́ 2 oṣù kẹta àti ọjọ́ 22 oṣù kẹrin ọdún 1959. Davis kò kọ orin náà tán sínú ìwé. Ìlà díẹ̀díẹ̀ ni ó kọ wá, kò sì jẹ́ kí wọ́n fi í dánra wò ṣáájú. Ó fẹ́ kí wọ́n bá orin náà pàdé bí àlejò ti í bá ìlú pàdé, kí ojú wọn lè là sí ohun gbogbo.

Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Ìbẹ̀rù bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọkùnrin náà fi ṣiṣẹ́. Nínú ọ̀rọ̀ tí Evans kọ sí ẹ̀yìn páálí àwo náà, ó fi iṣẹ́ wọn wé ti àwọn ayàwòrán ilẹ̀ Japan kan tí ń fi omi dúdú ya àwòrán sórí bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bí ọwọ́ bá ṣe iyèméjì, bébà yóò ya, kò sì sí àtúnṣe. Nínú orin márùn-ún tí ó wà nínú àwo náà, "Flamenco Sketches" nìkan ni wọ́n ṣe dé òpin lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe mẹ́rin yòókù dé òpin ni a ń gbọ́ títí di òní.

Ẹ jẹ́ kí a wo orin àkọ́kọ́, "So What". Lẹ́yìn ìfáàrà kúkúrú láti ọwọ́ dùùrù àti bass, Chambers bẹ̀rẹ̀ sí lé orin lórí bass. Dùùrù gbè é pẹ̀lú ohùn méjì péré. Nígbà tí ó yá, àwọn fèrè náà bá a gbè é. Ohùn méjì yìí dún bí ìgbà tí ìjọ ń ṣe àmín sí àdúrà. Ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ lílé àti ègbè, bí tiwa ti rí, yóò mọ ohun tí ń lọ níbẹ̀ láìsí olùkọ́. Àkàbà ohùn méjì péré ni gbogbo orin náà sì dúró lé. "Blue in Green" àti "Flamenco Sketches" lọ́ra jù ú lọ. Nínú èyí tí mo dárúkọ kẹ́yìn yìí, àkàbà ohùn márùn-ún ni ó wà, wọ́n sì fi àdéhùn kan lélẹ̀: kí olúkúlùkù dúró lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ó bá ti pẹ́ tó lójú rẹ̀, kí ó sì kọjá sí èkejì nígbà tí ó bá wù ú. Kò sí ẹni tí yóò sọ fún un pé ó ti pẹ́ jù. Ẹ má ṣe gbàgbé àdéhùn yìí, a ó padà sórí rẹ̀.

Ìwà ọmọ ènìyàn kò ṣàì hàn nínú iṣẹ́ tí ó dára tó báyìí. Orúkọ Davis nìkan ni Columbia kọ sára àwo náà gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ni gbogbo orin náà, orúkọ ẹni ni owó orin sì ń tọ̀ lẹ́yìn. Evans sọ pé òun ni òun ni "Blue in Green", àti pé nígbà tí òun gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú Davis, sọ̀wédowó dọ́là 25 ni ó fà lé òun lọ́wọ́. Aríyànjiyàn náà kò parí kí àwọn méjèèjì tó kú. Ó yẹ kí a sọ ọ́, nítorí ìtàn tí ó bá fi àléébù akọni pamọ́ ti di oríkì.

Àwo náà jáde ní ọjọ́ 17 oṣù kẹjọ ọdún 1959. Ní alẹ́ ọjọ́ 25 oṣù kan náà, Davis ń ṣeré ní Birdland, gbọ̀ngàn jáàsì olókìkí tí ó wà ní Broadway. Nígbà tí wọ́n sinmi díẹ̀, ó sin obìnrin aláwọ̀ funfun kan dé ìdí takisí, ó sì dúró sí ẹnu ọ̀nà láti gba atẹ́gùn. Ọlọ́pàá kan ní kí ó kúrò níbẹ̀. Ó dáhùn pé ibẹ̀ ni òun ti ń ṣiṣẹ́, ó sì nawọ́ sí orúkọ ara rẹ̀ tí wọ́n kọ gàdàgbà sí ara ilé náà. Ọ̀rọ̀ di àríyànjiyàn. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan já lu ọ̀rọ̀ náà, ó sì fi kóńdó lu Davis lórí. Àwòrán rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn, ẹ̀jẹ̀ ti rin aṣọ lára rẹ̀. Ẹni tí wọ́n lù náà ni wọ́n mú lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, òun ni wọ́n sì fi ẹ̀sùn kàn. Ní New York ìgbà náà, olórin kò lè ṣiṣẹ́ ní ilé orin alẹ́ láìgba káàdì lọ́wọ́ àwọn ọlọ́pàá. Wọ́n gba káàdì tirẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Kí oṣù kìn-ín-ní ọdún 1960 tó parí, ilé-ẹjọ́ ti dá a sílẹ̀ lórí gbogbo ẹ̀sùn náà, ṣùgbọ́n àpá kì í gbọ́ ìdájọ́.

Ǹjẹ́ òwe àwọn àgbà kùnà bí? Ohùn pẹ̀lẹ́ kò ha ti yọ ọfà lápó báyìí? Èrò tèmi ni pé òwe náà kò kùnà, àwa ni a lè ṣi ohùn náà gbọ́. A máa ń rò pé ẹni tí ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ ń bẹ̀bẹ̀ ni, tàbí pé ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ohùn inú àwo yìí kò bẹ ẹnikẹ́ni. Ẹ wo ohun tí àwọn ọkùnrin náà fún ara wọn nínú ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ yẹn: wọ́n fún ara wọn ní àyè láti dúró. Olúkúlùkù lè dúró síbi tí ó wù ú, bí ó bá ti pẹ́ tó lójú rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní lé e. Ní Broadway, oṣù mẹ́rin lẹ́yìn tí wọ́n parí iṣẹ́ náà, aṣáájú wọn kò lè dúró ní ẹnu ọ̀nà ibi iṣẹ́ ara rẹ̀, lábẹ́ orúkọ ara rẹ̀. Ohun tí òfin ìlú kò fún wọn lójú pópó ni wọ́n kọ́ sínú orin. Nítorí náà, bí a bá bi mí pé níbo ni ìfarabalẹ̀ náà ti wá, n ó dáhùn pé ayé ìrọ̀rùn kọ́ ni ó bí i. Àwọn tí wọn kò rí ibi dúró ni wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ́ ọ.

Ohun kan tún wà tí ó yà mí lẹ́nu. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹta yẹn, ẹ̀rọ tí ó gba orin mẹ́ta àkọ́kọ́ sílẹ̀ lọ́ra díẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, nítorí náà orin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yá díẹ̀, ohùn wọn sì ga díẹ̀, nínú àwo tí a ń tà. Ọdún 1992 ni wọ́n tó tún un ṣe. Fún ọdún 33 ni àwọn olùgbọ́ jókòó tì í lálẹ́ tí wọ́n ń gbádùn rẹ̀, láìmọ̀ pé nǹkan kan wọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni a lè fi ọ̀pọ̀ ọdún gbọ́ ìtura àwo kan láìmọ ẹ̀jẹ̀ tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Àwọn olórin náà ti lọ tán. Coltrane kú ní ọdún 1967, Chambers ní 1969, Kelly ní 1971, Adderley ní 1975, Evans ní 1980, Davis fúnra rẹ̀ ní 1991. Jimmy Cobb tí ó kù sẹ́yìn papò dà ní ọdún 2020. Ní ọjọ́ 15 oṣù kejìlá ọdún 2009, ilé ìgbìmọ̀ aṣojú ilẹ̀ Amẹ́ríkà dìbò lórí àádọ́ta ọdún àwo yìí, wọ́n sì bu ọlá fún un gẹ́gẹ́ bí ohun iyì orílẹ̀-èdè wọn. Ibò 409 ni ó gbè é, kò sí ẹyọ kan tí ó takò ó. Obì náà yọ lápò nígbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ó gba àádọ́ta ọdún, ẹni tí ó yẹ kí ó gbà á sì ti wọ ilẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin ará, n kò sọ èyí kí ẹ má baà gbádùn àwo náà mọ́. Ẹ gbé e sórí ẹ̀rọ lálẹ́ yìí bí ó bá wà nílé, kí ẹ fẹ̀yìn ti àga. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bá dé orin tí ó kẹ́yìn, tí fèrè kan fọn ohùn kan, tí ó sì dákẹ́, ẹ rántí pé ọkùnrin kan ni ó dúró níbẹ̀ nítorí pé ó wù ú láti dúró. Ẹ jẹ́ kí ó dúró. Ó dàárọ̀ o.